Ilé báńkì ní Pópó Àgùdà: àkọsílẹ̀ àtúnṣe áláàmù iná kan tó ju ilé lọ

Páńẹ́ẹ̀lì áláàmù iná tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yìí, lúùpù mẹ́rin ló ní, ìyẹn wáyà tó ń jáde lára páńẹ́ẹ̀lì, tó ń so ẹ̀rọ pọ̀, tó sì ń padà wá síbẹ̀. Lúùpù kọ̀ọ̀kan lè gba ẹ̀rọ 126, ìyẹn ni pé páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yìí lè mójú tó ẹ̀rọ 504. Ilé wá ńkọ́? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan nítòsí Campos ní Lagos Island, ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú, gbogbo yàrá rẹ̀ pátá, ká tiẹ̀ ka ilé ìdáná mọ́ ọn, kò ju méjìlá lọ. Ilé Àgùdà àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà dé kọ́ sí àdúgbò yẹn. Ògiri rẹ̀ nípọn dáadáa, àmọ́ pákó ni ilẹ̀ òkè, pákó ni síìlì, pákó náà sì ni àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń gbà sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti fún un lórúkọ. "Ilé báńkì" ni wọ́n ń pè é.

Wọn ò sì purọ́. Nígbà tí báńkì kan ń kó kúrò ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní Áílàndì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àlájà tó ni ilé yìí ló ra ẹrù áláàmù wọn ní tòkunbọ̀: páńẹ́ẹ̀lì, dìtẹ́kítọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí èéfín tàbí ooru bá wà), agogo, break-glass (bọ́tìnnì áláàmù tí wọ́n ń fọ́ gíláàsì rẹ̀ bí iná bá ṣẹlẹ̀), gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Iná Afriland Towers ní Broad Street, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ló dáyà já a. Yàrá inverter tó wà nísàlẹ̀ ilé ni wọ́n ní iná yẹn ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inverter wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìyá tirẹ̀ náà. N ò bá a wí. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà ṣe tóóró tó láàárín ilé sí ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó sì rántí bó ṣe nira fún ọkọ̀ panápaná láti wọlé nígbà tí ọjà Balógun jó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, kò ní fọ̀rọ̀ iná ṣeré. Àmọ́ lẹ́yìn tó ra ẹrù tán, ó ní kí ẹni tó máa bá òun dè é má ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Wọ́n kó áláàmù odindi báńkì, wọ́n kì í sínú yàrá méjìlá.

Ohun tí mo bá nílẹ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n pè mí sí rọrùn lẹ́nu: páńẹ́ẹ̀lì ń ké píì-píì tọ̀sán-tòru, kí n wá pa á lẹ́nu mọ́. Ti Àlájà tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹnjiníà, bá mi yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, jọ̀ọ́. Mo bá dín ẹja, á ké. Mo bá sun tùràrí lọ́jọ́ Jímọ̀, á ké. Àwọn ọmọ ní kí n má fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sí nílé nígbà tó bá ń ké."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná, mà. Bí mo bá yọ ọ́, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀ lóru, kò ní sí ohun tó máa jí yín."

Ó ní oorun wo lòun ń sùn tí wọ́n fi máa jí òun.

Ojú páńẹ́ẹ̀lì kún fún ẹ̀sùn. Lúùpù 2, 3 àti 4 kò ní ẹ̀rọ kankan lára, ó sì ń ráhùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lúùpù 1 ti já. Wáyà kan ń kan ilẹ̀ (earth). Bátìrì ti kú. Ẹnì kan ti lẹ téèpù dúdú mọ́ ihò tí ohùn ń gbà jáde, nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n tíì ṣe sí i láti ìgbà tí wọ́n ti dè é nìyẹn.

Mo mú àkàbà, èmi àti ọmọṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti yàrá dé yàrá. Dìtẹ́kítọ̀ èéfín 33. Dìtẹ́kítọ̀ ooru, kò sí ẹyọ kan. Break-glass 5. Agogo 14. Nínú pálọ̀ òkè nìkan, tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà márùn-ún lọ, dìtẹ́kítọ̀ mẹ́ta ló wà. Ẹ wò ó, dìtẹ́kítọ̀ èéfín kan lórí síìlì tó tẹ́jú ń ṣiṣẹ́ fún mítà 7.5 yí ara rẹ̀ ká. Ẹyọ kan ì bá tó pálọ̀ yẹn, kó sì ṣẹ́ kù.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn tí inverter àti bátìrì rẹ̀ mẹ́rin wà, kò sí nǹkan kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí léèsì àti ànkárá ti ga dé síìlì, ẹyọ kan ló wà, wọ́n sì fi í síbi tí fáànù ti ń fẹ́ gbogbo atẹ́gùn kúrò níwájú rẹ̀. Nínú ilé ìdáná ìsàlẹ̀, dìtẹ́kítọ̀ èéfín méjì, lókè ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja gan-an.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Surulere ní kí n tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí n gbé páńẹ́ẹ̀lì kékeré oní-sóònù mẹ́rin síbẹ̀: wáyà méjì-méjì, rẹsísítọ̀ kan ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ilé tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò kéré. Àmọ́ n ò gbà á fún ilé yìí. Páńẹ́ẹ̀lì oní-sóònù á sọ pé iná wà lókè, kò ní sọ yàrá tó wà. Níbi tí oríṣiríṣi ayálégbé ń gbé, tí oníkálukú ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́, kí páńẹ́ẹ̀lì dárúkọ yàrá ní kíá, ìṣẹ́jú tó níye lórí ni. Ohun tí a bá sì yọ kúrò lórí síìlì, ó di spare fún ọdún púpọ̀. Èrò mi ni pé páńẹ́ẹ̀lì kọ́ ló pọ̀jù nínú ilé yìí. Ohun tó pọ̀jù ni èyí tí wọ́n kó síbi tí iná kò ní ti wá, àti ìwà báńkì tí ẹ̀rọ náà ṣì ń hù. Ìwà yẹn ni n ò tíì mọ̀ lásìkò yẹn.

Bátìrì

Bátìrì 12 volt méjì, 17 Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), ni wọ́n so pọ̀ láti di 24 volt. Ọ̀kan wúlé, mítà kà á sí 8.9. Èkejì wà ní 10.4. Wọ́n so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ iná ìta tààrà, kò gba inverter kọjá. Bí wọ́n bá mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, bátìrì páńẹ́ẹ̀lì nìkan ló máa ń ru ẹrù náà títí á fi gbẹ, bátìrì lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá sì ń fà gbẹ léraléra kì í dọ́jọ́ alẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ rèé fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Òfin BS 5839, ìlànà áláàmù iná ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, ń fẹ́ kí bátìrì lè gbé ẹ̀rọ fún wákàtí 24 nígbà tí kò sí ariwo, kó sì tún lè lu agogo fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe bá páńẹ́ẹ̀lì yìí, pẹ̀lú káàdì lúùpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú rẹ̀, 0.42 amp ló ń fà ní ìdákẹ́jẹ́. Ìlọ́po 24 rẹ̀ jẹ́ 10.08. Agogo 14 àti ìyókù ń fa 1.1 amp. Ìdajì rẹ̀ ni 0.55, a ó sì fi 1.75 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé bátìrì kì í fún ni ní gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á kíákíá. Ìyẹn jẹ́ 0.96. Pa méjèèjì pọ̀, fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un nítorí ọjọ́ ogbó bátìrì: 13.8 Ah. Bátìrì 17 Ah ló kàn lórí àtẹ.

Mo yọ káàdì lúùpù mẹ́ta tí kò ní iṣẹ́. Mo dín agogo kù (ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú). Ó wá ń fa 0.19 ní ìdákẹ́jẹ́, 0.8 nígbà tó bá ń ké. Ìṣirò kan náà fún wa ní 6.6 Ah. Bátìrì 7 Ah tó, èyí tó wà nínú UPS kékeré, tí ẹ lè rà ní Alaba, ní Computer Village, àní lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní ìkòríta. Ìdí pàtàkì tí mo fi yọ káàdì nìyẹn, kì í ṣe torí ẹwà. Ohun tí onílé kò bá lè tètè rí rà, kò ní pààrọ̀ rẹ̀. Mo sì gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí inverter, kó tó kan bátìrì tirẹ̀.

Ìṣó kan

Wáyà lúùpù máa ń jáde láti ara páńẹ́ẹ̀lì, á yí ilé ká, á sì padà wọ inú páńẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá já níbì kan, páńẹ́ẹ̀lì á máa rán iná láti ẹnu méjèèjì, ẹ̀rọ kankan kò ní kú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbogbo dìtẹ́kítọ̀ ilé yìí ṣì ń dáhùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé lúùpù ti já. Ohun tó burú ni pé bí ó bá tún já lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ohun tó wà láàárín ojú méjèèjì á kú pọ̀.

Mo tú ẹnu wáyà kúrò lára páńẹ́ẹ̀lì, mo fi mítà wọn ọ́n láti ẹnu kan dé èkejì. Kò kọjá. Mo wá pín ilé sí méjì: mo tú wáyà nídìí dìtẹ́kítọ̀ àárín, mo wo apá tó dára, mo fi í sílẹ̀, mo tún pín apá kejì. Bí a ṣe ń pín in bọ̀ nìyẹn títí a fi dé yàrá kejì lókè, níbi tí káfíńtà ti tún pákó ilẹ̀ ṣe. Ìṣó rẹ̀ wọ inú wáyà gbọọrọ. Ó gé ọ̀kan nínú okùn méjèèjì, ó sì kan èkejì mọ́ páìpù irin àtijọ́ tó wà lábẹ́ pákó. Lúùpù tó já àti wáyà tó ń kan ilẹ̀, ìṣó kan náà ló fa méjèèjì.

Ìgbà tí a ṣí pákó la rí i pé wáyà pupa tó ń fara da iná, ìsàlẹ̀ nìkan ló dé. Lókè, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi parí iṣẹ́. A fa wáyà pupa tuntun sókè, a sì fi kílíìpù irin dè é, nítorí pé tí iná bá jó, kílíìpù oníke á yọ́, wáyà á já bọ́ sójú ọ̀nà tí èèyàn ń sá gbà. Kò sí isolator, ohun tó ń gé apá tí wáyà ti kanra kúrò, kankan lórí lúùpù náà. Bí wáyà méjì bá kanra níbì kan, gbogbo ilé ì bá dákẹ́. Apollo tó ṣe àwọn dìtẹ́kítọ̀ XP95 yìí sọ pé kí ẹ̀rọ tó wà láàárín isolator kan sí èkejì má ju 20 lọ. Mo fi mẹ́ta sí i: ìsàlẹ̀, òkè, àti ẹnu àtẹ̀gùn.

Wáyà agogo náà ní àléébù tirẹ̀. Ìparí wáyà agogo ló yẹ kí rẹsísítọ̀ wà, kí páńẹ́ẹ̀lì lè mọ̀ bí wáyà bá já. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ dè é mọ́ inú páńẹ́ẹ̀lì gan-an. Ẹ lè fi àáké gé gbogbo wáyà agogo ilé yẹn, páńẹ́ẹ̀lì á ní kò sí wàhálà. Mo máa ń rí èyí káàkiri Èkó, ó sì máa ń bí mi nínú ju wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìwà báńkì

Lúùpù ti pé, bátìrì ti wà, ojú páńẹ́ẹ̀lì ti mọ́. Ẹlòmíràn á gba owó rẹ̀, á máa lọ. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi gun òkè àtẹ̀gùn, kó fín gáàsì ìdánwò sí dìtẹ́kítọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ó ti tan iná pupa o!"

Mo wo páńẹ́ẹ̀lì. Ó ti gbọ́ lóòótọ́, ó kọ ọ́ sójú: SERVER ROOM. Mo dúró kí agogo dún. Kò dún. Ọmọṣẹ́ mi tún fín in. Páńẹ́ẹ̀lì ṣáà ń sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé òun rí èéfín díẹ̀ ní SERVER ROOM.

Mo so laptop mọ́ ọn, mo sì fa gbogbo ètò inú rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó pa ètò báńkì rẹ́. Dìtẹ́kítọ̀ yàrá Àlájà, STRONG ROOM ni páńẹ́ẹ̀lì ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ATM GALLERY. Ilé ìdáná ni TELLER 3. Ọmọ Àlájà tó dúró tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní STRONG ROOM yẹn ò parọ́, ibẹ̀ ni owó ilé wà. Àlájà dá a lóhùn láti inú yàrá pé kó wá gbé owó ọ̀hún bó bá rí i.

Ọ̀rọ̀ SERVER ROOM kò pa mí lẹ́rìn-ín. Yàrá kọ̀ǹpútà báńkì sábà máa ń ní gáàsì tó ń pa iná, owó gọbọi ni gáàsì yẹn, wọn kì í sì í fẹ́ kó tú sórí èèyàn lásán. Nítorí náà wọ́n máa ń to páńẹ́ẹ̀lì kó dúró di ìgbà tí dìtẹ́kítọ̀ méjì bá rí èéfín kó tó ṣe ohunkóhun. Nínú báńkì, ọgbọ́n ni. Nínú ilé yìí, nọ́ńbà méjèèjì tó jẹ́ ti dìtẹ́kítọ̀ SERVER ROOM, ọ̀kan bọ́ sí orí àtẹ̀gùn, èkejì bọ́ sínú yàrá ẹrù lókè tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Kí agogo tó dún fún iná tó bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, èéfín gbọ́dọ̀ kún ojú ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tí ilé ní, kó sì tún wá wọ inú yàrá tó wà ní títì.

Òmíràn wà nílẹ̀. Fún gbogbo yàrá tó kù, ètò náà ní kí páńẹ́ẹ̀lì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó lu agogo, kí ẹ̀ṣọ́ báńkì lè lọ wò bóyá iná ni lóòótọ́. Òfin EN 54-2, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún páńẹ́ẹ̀lì áláàmù, tiẹ̀ gbà wọ́n láyè dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ni ẹ̀ṣọ́ ilé Àlájà ní aago méjì òru? Ẹja dídín máa ń ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tùràrí náà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ariwo sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí áláàmù yìí ti ké láti ọjọ́ tó ti wọlé, ibi tí kò séwu ló ti ké. Ibi tó léwu jù, wọ́n ti sọ fún un pé kó má ké.

Mo pa ètò báńkì rẹ́ pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Dìtẹ́kítọ̀ kan bá rí èéfín, gbogbo agogo á dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú páńẹ́ẹ̀lì kò lè kọ àmì ohùn, àmọ́ ILE IDANA ISALE àti ORI ATEGUN yé gbogbo ilé ju TELLER 3 lọ.

Ohun tí mo yọ àti ohun tí mo fi sílẹ̀

Dìtẹ́kítọ̀ èéfín 33 di 13: orí àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ àti tòkè, àwọn yàrá tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sí ọ̀nà yẹn, pálọ̀, ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, àti abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó sún mọ́ ohun tí BS 5839 ń pè ní L3, mo kàn fi ibi inverter kún un. Ti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mo gbé e kúrò lọ́nà fáànù, mo sì sọ fún aránṣọ pé kí òkìtì aṣọ rẹ̀ má sún mọ́ síìlì ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ó ní òun gbọ́. A ó rí i.

Ilé ìdáná méjèèjì gba dìtẹ́kítọ̀ ooru. Ẹ má kàn ra èyí tí ẹ bá rí o. Irú A1 máa ń ké láàárín 54 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì ṣe é fún ibi tí ooru ojoojúmọ́ kì í kọjá 50. Ilé ìdáná òkè ní síìlì, A1 dára fún un. Ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù lásán, wọ́n sì ń fi gáàsì onítubù-ńlá dáná níbẹ̀. Ní oṣù kẹta, ẹ fọwọ́ kan páànù yẹn ní ọ̀sán, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ. Irú B ni mo fi síbẹ̀. Òun ń fara da ooru tó 65, ó ń ké láàárín 69 sí 85.

Nọ́ńbà dìtẹ́kítọ̀ XP95 kì í gbé inú dìtẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀. Káàdì kékeré kan tó wà nínú ìdí rẹ̀ lórí síìlì ló ń gbé e. Eyín méje ló wà lára káàdì náà, 1, 2, 4, 8, 16, 32 àti 64, èyí tí ẹ bá yọ àti èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló ń di nọ́ńbà. Nítorí náà ọmọṣẹ́ lè kó gbogbo dìtẹ́kítọ̀ sọ̀kalẹ̀, kó fọ̀ wọ́n, kó sì dá wọn padà láìbẹ̀rù pé wọ́n máa pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n sì nílò fífọ̀. Níbi tí atẹ́gùn ti mọ́, nǹkan bí 25 ló yẹ kí dìtẹ́kítọ̀ máa kà fún páńẹ́ẹ̀lì, tó bá dé 55, iná nìyẹn. Èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ń ka 47 láìsí èéfín kankan. Eruku ọyẹ́ ló kún inú rẹ̀, aláǹtakùn sì ti ta okùn síbi tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń gbà. Tùràrí díẹ̀ báyìí ló kù fún un. A fi bírọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ nù ún, ó padà sí 26.

Mẹ́fà nínú àwọn tí mo yọ, àmì ìtànṣán oníka mẹ́ta wà lẹ́yìn wọn. Americium-241 díẹ̀ ló wà nínú irú wọn. Kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan lórí síìlì, nítorí pé ike ara dìtẹ́kítọ̀ ti tó dí i lọ́nà, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fọ́ ọ, kò sì yẹ kí wọ́n sun ún. Kò sì yẹ kó bá pàǹtí lọ sí ààtàn, níbi tí àwọn ọmọ á ti máa fọ́ gbogbo nǹkan wá bàbà. Mo kó wọn sínú páálí, mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, mo sì sọ fún onílé pé NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ni kó bá sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Agogo 14 di márùn-ún. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni kí ariwo tó 65 decibel nínú yàrá, kó sì tó 75 lẹ́bàá ìrọ̀rí níbi tí èèyàn bá ń sùn. Agogo méjì-méjì ló wà nínú àwọn yàrá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń pariwo tó nǹkan bí 100. Ariwo tó bá ń dun èèyàn létí, fífa wáyà rẹ̀ yọ ni wọ́n á kọ́kọ́ rò, kì í ṣe pé kí wọ́n sá jáde. Mo gbé ọ̀kan sí ara ògiri tó kọjú sí ìta, kí aládùúgbò lè gbọ́ bí kò bá sẹ́nì kan nílé. Break-glass mẹ́ta tó: ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, orí àtẹ̀gùn. Ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀ nínú bálùwẹ̀. Ẹ má bi mí.

Ìdánwò

A sọ fún mọ́sáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù òdìkejì kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì dúró kí wọ́n kírun Ásárì tán. Gáàsì ìdánwò lórí dìtẹ́kítọ̀ èéfín kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná lórí ti ooru. Gbogbo wọn dáhùn, gbogbo wọn sì pe orúkọ tó yẹ. Mo yọ wáyà lúùpù níbì kan, páńẹ́ẹ̀lì ráhùn, ẹ̀rọ kankan kò sọnù. Mo so wáyà méjì pọ̀ lókè, isolator gé òkè kúrò, ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo yọ agogo ìparí, páńẹ́ẹ̀lì rí i.

Àlájà ní kí n fi ibi tí òun á ti pa á han òun. Mo fi bọ́tìnnì méjì hàn án: èyí tó ń pa agogo lẹ́nu mọ́, àti reset. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka orúkọ yàrá lójú páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹnì kan lọ wò ó, kí wọ́n tó tẹ èyíkéyìí. Bí ó bá jẹ́ iná lóòótọ́, kí gbogbo ilé jáde, kí wọ́n pe 112 tàbí 767 láti ìta. Ọmọ ayálégbé kan tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páńẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà Àlájà sun tùràrí nínú yàrá rẹ̀, ó sì jókòó ti páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ó ń wò ó. Dìtẹ́kítọ̀ yàrá rẹ̀ gòkè dé 38, ó dúró níbẹ̀. Kò ké. Ó ní kí n má tíì gba owó mi, ó di Jímọ̀.

Ó ku dìtẹ́kítọ̀ ooru kan fún igun tí aránṣọ ti ń lọ aṣọ, torí oru omi tó ń jáde lára áyọ́ọ̀nù rẹ̀ máa yọ ti èéfín lẹ́nu níbẹ̀. Mo ti bá ẹni tó ń kó tòkunbọ̀ ní Alaba sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ 18 ló wà lórí lúùpù báyìí. Mo ti gé káàdì nọ́ńbà 19 sílẹ̀ dè é, ó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì.